Irọ́ Ni Pé Àwọn Tó Gbé E Sí Gẹ̀ẹ́sì Ló Ba Ohùn Fíìmù Jàǹdùkú Ítálì Jẹ́

Ẹni tó bá ti wo fíìmù jàǹdùkú ilẹ̀ Ítálì ti àwọn ọdún 1970, àwọn èyí tí ìbọn kì í sinmi nínú wọn, tí obìnrin ń jó ní ìhòòhò goloto, á ti rí i pé ẹnu òṣèré ń sọ tirẹ̀, ohùn náà ń sọ tirẹ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń wí ni pé àwọn tó gbé e sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ló bà á jẹ́, pé kéèyàn lọ wá èyí tí wọ́n ti ń sọ èdè Ítálì, ibẹ̀ ni ohùn gidi wà. Irọ́ ni. Ohùn Ítálì yẹn náà, inú sítúdíò ni wọ́n ti fi sí i, lẹ́yìn tí wọ́n ti ya àwòrán tán.

Ẹ wo àwọn tó wà nínú Milano calibro 9, tí Fernando Di Leo darí ní 1972. Ọmọ Ítálì ni Gastone Moschin, ará Jámánì ni Mario Adorf, ará Faransé ni Philippe Leroy, ará Amẹ́ríkà ni Lionel Stander. Lọ́dún yẹn kan náà ni Di Leo ṣe La mala ordina, níbi tí Henry Silva àti Woody Strode, apààyàn méjì láti Amẹ́ríkà, ti wá pa ọkùnrin kan ní Milan. Strode yìí, aláwọ̀ dúdú gìrìwò tí wọ́n bí ní Los Angeles, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń sọ èdè Ítálì bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ohùn ẹlòmíràn ni.

Ti Tomas Milian ló wù mí jù. Ọmọ Havana, ní Kúbà, ni, síbẹ̀ àwọn ará Róòmù sọ ọ́ di tiwọn nítorí Er Monnezza, olè ẹlẹ́nu àfòkò tó ń sọ èdè ìgboro Róòmù. Ferruccio Amendola ló ni ohùn yẹn. Amendola kan náà làwọn ará Ítálì ń gbọ́ lẹ́nu Robert De Niro, Al Pacino, Dustin Hoffman àti Sylvester Stallone! Nígbà tí De Niro àti Pacino pàdé nínú Heat ní 1995, wọ́n ní láti wá ẹlòmíràn fún Pacino. Giancarlo Giannini ló ṣe é. Enrico Maria Salerno tó ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá nínú La polizia ringrazia ńkọ́? Òun ló fi ohùn sí ẹnu Clint Eastwood nínú fíìmù mẹ́ta tí Sergio Leone fi í ṣe.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni fífi ohùn sí fíìmù láyé ìgbà yẹn. Wọ́n á gé fíìmù náà sí kéékèèké, wọ́n á so orí mọ́ ìdí kó lè máa yí, wọ́n á tan án sójú ògiri nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Olóhùn á dúró síwájú ẹ̀rọ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, á máa ṣọ́ ètè òṣèré náà, á sọ ọ́, á tún un sọ, títí tí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ sẹ́nu. Ẹlòmíràn á wá ṣe ìró ẹsẹ̀, ìró ilẹ̀kùn àti ìró ẹ̀ṣẹ́.

Láyé ìjọba Mussolini, ní àwọn ọdún 1930, ni ìjọba ti ní dandan kí fíìmù ilẹ̀ òkèèrè máa sọ èdè Ítálì. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ náà ta gbòǹgbò ní Róòmù. Ní 1945, apá tó pọ̀ jù nínú Roma città aperta ti Roberto Rossellini ni wọ́n yà láìgba ohùn sílẹ̀, torí owó ò sí. Yíya fíìmù láìgba ohùn sílẹ̀ sì bá wọn lára mu: kámẹ́rà lè pariwo bó ṣe fẹ́, olùdarí lè máa pàṣẹ bí wọ́n ṣe ń ya á lọ, òṣèré ilẹ̀ òkèèrè sì lè sọ èdè tirẹ̀.

Fífi ohùn ẹlòmíràn sí i kì í ṣe àmì fíìmù yẹpẹrẹ rárá. Nínú Il gattopardo ti Luchino Visconti, tó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Cannes ní 1963, Corrado Gaipa ló ń sọ̀rọ̀ fún Burt Lancaster.

Nítorí náà, ẹnu ni kí ẹ wò kí ẹ tó yan ohùn. Bó bá jẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń sọ̀rọ̀ jù, ohùn Gẹ̀ẹ́sì lè bá ètè wọn mu ju ti Ítálì lọ. Ti Milian, ẹ má fi Amendola sílẹ̀ láé.