Ta ló ní obìnrin ò lè jẹ́ kóòṣì ọkùnrin? Ẹ wo iṣẹ́ tí Mauresmo ṣe lára Murray

Àwọn tó ń wo tẹ́níìsì dáadáa pàápàá ṣì ń sọ ọ́, pé kóòṣì obìnrin, Amélie Mauresmo, ló fi ọdún méjì agbá-tẹ́níìsì ọkùnrin, Andy Murray, ṣòfò, pé obìnrin ò lè jẹ́ kóòṣì ọkùnrin tó ti dé òkè tente, ẹ̀rí wọn sì ni pé Murray ò gba ìkankan nínú àwọn Grand Slam (ìdíje mẹ́rin tó tóbi jù lọ lọ́dọọdún) nígbà tí wọ́n jọ wà. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an, torí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Báwo ló ṣe bá Murray ná? Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́yìn ní 2013, Ivan Lendl tó jẹ́ kóòṣì ẹ̀ ti lọ ní oṣù kẹta 2014, nígbà tí Mauresmo sì fi máa dé ní oṣù kẹfà, Murray ò tíì gba ife kankan látìgbà Wimbledon 2013, oṣù kẹsàn-án 2014 ló tiẹ̀ já kúrò nínú àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ lágbàáyé. Nígbà tí 2015 máa fi parí, ó ti di ẹnì kejì lágbàáyé, kò fi ipò yẹn parí ọdún rí láyé ẹ̀.

Ẹ wá wo ti kóòtù amọ̀. Gbogbo bó ṣe ti ń gbá a bọ̀ látọdún yìí wá, kò gba ife kan ṣoṣo lórí amọ̀, àwọn èèyàn ti gbà pé kì í ṣe tiẹ̀, àfi bó ṣe gba ti Munich ní oṣù karùn-ún 2015, tọ́sẹ̀ kejì pé ó tún na Nadal 6-3, 6-2 ní àṣekágbá Madrid. Nadal, ọba orí amọ̀ o! Lórí amọ̀, nílẹ̀ Spain tí wọ́n ti bí i!

Ti Grand Slam yẹn, méje ni wọ́n gbá láàárín oṣù kẹfà 2014 sí ìgbà tí wọ́n pínyà ní oṣù karùn-ún 2016, Djokovic nìkan kó márùn-ún, òun náà ló sì na Murray ní àṣekágbá Australian Open 2015 àti 2016. Ṣé Mauresmo ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún Djokovic ni?

Wọ́n á ní Lendl padà dé, Murray sì gba Wimbledon 2016. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí Lendl tó padà, ìkéde pé Murray àti Mauresmo ti pínyà ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí Murray fi na Djokovic gba ife Rome, lẹ́yìn ìyẹn ló dé àṣekágbá Roland Garros, Grand Slam ilẹ̀ Faransé, tí kò dé rí. Orí amọ̀ náà ni méjèèjì o.

Àwọn kan tún ní agbára obìnrin ò tó ti ọkùnrin. Ẹni ọdún 54 ni Lendl ní 2014, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó lè na Djokovic. Ojú kóòṣì àti ọgbọ́n ẹ̀ lèèyàn ń sanwó fún, obìnrin tó ti wà ní ipò kìíní lágbàáyé, tó gba Australian Open àti Wimbledon nínú ọdún kan ṣoṣo, 2006, mọ nǹkan tó ń rí. Murray fúnra ẹ̀ sọ ọ́ pé tóun bá pàdánù lábẹ́ àwọn kóòṣì tó kù, wọn kì í di í rù wọ́n, ti Mauresmo ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè.

Kì í sì í ṣe Murray nìkan. Agbá-tẹ́níìsì ọkùnrin mìíràn, Lucas Pouille, ti lọ Australian Open lẹ́ẹ̀marùn-ún láì borí ẹnì kankan níbẹ̀, Mauresmo di kóòṣì ẹ̀ ní ìparí 2018, 2019 tó padà lọ, ó wọ àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn, Djokovic ló dá òun náà dúró.