Ẹ Kó Ẹrẹ̀ Gọ́tà Kúrò Ná, Ẹ̀yin Káńsẹ́lọ̀ Abẹ́òkúta

Gọ́tà kan wà ní ìgboro Abẹ́òkúta tí a máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọ̀rá píọ́wótà ló wà lókè rẹ̀, ìgò ike ló tẹ̀lé e, ìsàlẹ̀ pátápátá ni yanrìn tí àgbàrá wọ́ wá láti orí òkè. Nígbà tí òjò kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan wá gbẹ́ ẹ. Wọ́n ṣiṣẹ́ gidi. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, oòrùn ti kan àtàrí kí wọ́n tó parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá gọ́tà náà ni wọ́n kó ẹrẹ̀ jọ sí, ọkọ̀ tó yẹ kó wá kó o kò sì wá. Lọ́jọ́ kẹrin, òjò rọ̀, gbogbo rẹ̀ padà síbi tó ti wá. Ìyá tó ń ta láfún níwájú ibẹ̀ tún to búlọ́ọ̀kù kan lé èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí omi má baà kan àpò láfún rẹ̀.

Òkìtì ẹrẹ̀ yẹn ni a fẹ́ kí gbogbo káńsẹ́lọ̀ Gúúsù àti Àríwá Abẹ́òkúta fi sọ́kàn kí wọ́n tó tún jókòó lórí owó. Èrò tiwa ni pé gọ́tà, ìdọ̀tí àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ káńsẹ́lọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì ṣe èyí, kò yẹ kí owó wọ́ọ̀dù máa bá ẹ̀bùn bí ẹ̀rọ ìránṣọ àti àpò ìrẹsì lọ.

Ìlú tiwa kì í ṣe ìlú tó lè fi gọ́tà ṣeré. Abẹ́ àpáta ni àwọn bàbá wa tẹ̀ ẹ́ dó sí ní 1830, àpáta kì í sì í mu omi. Òjò tó bá rọ̀ sórí Olúmọ àti àwọn òkè tó yí i ká, ìsàlẹ̀ ló ń sáré lọ. Bí ojú odò Sókorí bá dí, tí kọ́fátì kò gbà á mọ́, inú ilé ni yóò yà sí. Oṣù Keje ọdún 2018 kò tíì jìnnà. Omi gba ojú títì, ó wọ ilé onílé, ó sì gbé èèyàn lọ. Àwọn tó sin òkú lọ́dún náà ṣì wà láàárín wa. Ní ti omi dáàmù Ọ̀yán tó máa ń mú kí odò Ògùn kún, a mọ̀ pé apá káńsẹ́lọ̀ kò ká a. Àjọ ìjọba àpapọ̀ ló ń bójú tó o. A ò ní gbé ẹrù yẹn rù wọ́n. Gọ́tà ojúlé ńkọ́?

Ìwé òfin ọdún 1999 kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Àfikún Kẹrin rẹ̀ ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ará ìlú, gọ́tà, iná òpópónà, kíkó ìdọ̀tí, títí dé orí fífún ọ̀nà lórúkọ àti kíkọ nọ́ńbà sára ilé. Pínpín ẹ̀rọ ìránṣọ àti àpò ìrẹsì kò sí níbẹ̀.

A kò bá ẹni tó gba ẹ̀bùn wí. Ọjọ́ ti le, aláìní kò sì gbọdọ̀ kọ ohun tí a nà sí i. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀rọ ogún, ogún èèyàn péré ló dé ọ̀dọ̀ wọn. Gọ́tà tó ń ṣàn, gbogbo àdúgbò ló ń jẹ ẹ́. Bí omi bá sì wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lóru, ẹ̀rọ tí a fún un yẹn ni yóò kọ́kọ́ dípẹtà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn káńsẹ́lọ̀ á ní ọwọ́ alága ìjọba ìbílẹ̀ ni owó wà. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ alága kò lè ná an láìjẹ́ pé káńsẹ́lọ̀ fọwọ́ sí ìṣúná, káńsẹ́lọ̀ ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í léèrè. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Lóṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà la dìbò káńsẹ́lọ̀ nípìnlẹ̀ Ògùn. Ẹni tó dé orí àga lẹ́yìn irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí wọ́ọ̀dù òun gbà.

Àwọn ìyá ọjà ló tilẹ̀ dùn wá jù. Wọ́n ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ìgbẹ́ bá gbọ̀n wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn á sáré lọ bẹ onílé kan, tàbí kí wọ́n tún sanwó níbòmíràn. Obìnrin Ẹ̀gbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ohun tí a fi owó òun ṣe. Ọ̀rọ̀ owó orí ni wọ́n torí rẹ̀ kóra jọ sí ààfin ní 1947, kò sì rọlẹ̀ títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ìbéèrè àwọn ọmọ-ọmọ wọn lónìí kéré sí ti ìgbà yẹn: omi, ilẹ̀kùn tó ṣeé tì, àti ẹni tí yóò máa gbálẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà.

Kí ilé ìgbìmọ̀ tó jókòó lórí ìṣúná tó ń bọ̀, kí káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan pe ẹgbẹ́ onílé, ìyálọ́jà àti àwọn ọlọ́kadà wọ́ọ̀dù rẹ̀. Kó bá wọn fẹsẹ̀ rìn káàkiri, kó kọ gọ́tà tó dí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n lẹ iye owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, lédè Yorùbá, níbi tí ẹni tó wá gba ìwé ọjọ́-ìbí ọmọ yóò ti rí i kà. Kí wolé-wolé máa wọlé gan-an, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń da ìdọ̀tí sínú àgbàrá nígbà tí òjò bá ṣú. Owó gọ́tà gbígbẹ́ àti owó ọkọ̀ tí yóò kó ẹrẹ̀ lọ, kí wọ́n máa fọwọ́ sí i pọ̀ ni.

Àwọn ọ̀dọ́ tí a sọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan ní àwọn ṣetán láti tún un gbẹ́. Ọkọ̀ ni wọ́n ń retí.