Tíkẹ́ẹ̀tì Sáà: Owó Ìráhùn Ọdọọdún

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì sáà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan, tí n kò ní dárúkọ, láti ọdún 17 sẹ́yìn. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sin òkú, kó tó kí ẹbí olóògbé kú ará-fẹ́-ra-kù, ẹ ó ti mọ nọ́ńbà ìjókòó rẹ̀ ní pápá. Kì í sọ fún èèyàn pé òun fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ ti kọjá ìfẹ́. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Èmi ní tíkẹ́ẹ̀tì sáà o," pẹ̀lú ohùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè. Á dákẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ yín lára. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: tíkẹ́ẹ̀tì sáà ni kí èèyàn san owó gbogbo eré líìgì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa gbá nílé lẹ́ẹ̀kan náà, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Kò tíì mọ ẹni tí wọ́n máa rà, kò mọ ẹni tí wọ́n máa tà, kò sì mọ̀ bóyá akọ́nimọ̀ọ́gbá tó wà níbẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ọjà tí wọ́n gbowó rẹ̀ kí wọ́n tó lọ wá a ni. Bí ó bá sì burú, ẹni tó rà á ni wọ́n máa ní kó fara dà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí ọ̀rẹ́ mi kì í fẹ́ ṣe. Ẹgbẹ́ 20 ló wà nínú Premier League. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbá eré 38, 19 nínú rẹ̀ nílé. Ìṣẹ́jú 90 lọ́nà 19 jẹ́ 1,710, ìyẹn wákàtí 28 ààbọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kì í fi gbogbo ìṣẹ́jú 90 yí. Kí wọ́n tó jù ú wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá, kí aṣọ́lé tó dìde níbi tó dùbúlẹ̀ sí bí aláboyún tó ń rọbí, kí rẹfirí tó pín káàdì tán, àkókò tí bọ́ọ̀lù fi rìn ní tòótọ́ kì í sábà pé wákàtí kan. Owó ọdún kan gbáko, bọ́ọ̀lù tí kò pé wákàtí 19. Bí wọ́n bá to gbogbo rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn láti àárọ̀ Sátidé, kí ilẹ̀ Ọjọ́ Àìkú tó mọ́, ó ti parí. Ọjọ́ 364 tó kù, ẹnu la fi ń gbá a.

Ní Jámánì, ẹgbẹ́ 18 ló wà, eré ilé sì jẹ́ 17, ṣùgbọ́n owó wọn yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Bayern Munich ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì sáà tí èèyàn á fi dúró wòran ní owó tí kò pé 200 yúrò. Ní Dortmund, àwọn tó ń dúró ní ìhà gúúsù pápá nìkan tó nǹkan bí 25,000. Mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Àwọn yẹn ń dúró ni." Bí ẹni pé òun ń jókòó! Bí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá ìlà àárín báyìí, ẹni tó wà níwájú á dìde, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á dìde kó lè rí ohun tí ẹni iwájú rí, títí yóò fi kan òun náà. N kò rò pé ìdí rẹ̀ mọ àga tó ti ń san owó rẹ̀ láti ọdún 17 yìí dáadáa.

Ti VAR, fídíò tí wọ́n fi ń tún ìpinnu rẹfirí yẹ̀ wò, tiẹ̀ tún wá. Láti sáà 2019 tí Premier League ti gbé e dé, ẹni tó wà nínú pápá ló kù tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú pápá. Wọ́n gbá gólì wọlé, ó fò sókè, ó gbá àjèjì mọ́ra, rẹfirí bá fi ọwọ́ kan etí. Gbogbo èèyàn dúró sínú òtútù. Ọ̀rẹ́ mi á fa fóònù yọ, á pe ìyàwó rẹ̀ nílé. "Kí ni wọ́n rí?" Ìyàwó tó nà gbalaja sórí àga, tí kò tiẹ̀ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, á sọ fún un pé abíyá ẹnì kan ló wà ní ọ́fúsáìdì. Ẹni tó sanwó ló ń bi ẹni tí kò sanwó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan wà láti àwọn ọdún 1960 pé kí tẹlifíṣọ̀n má ṣe gbé bọ́ọ̀lù jáde lójú ẹsẹ̀ ní Sátidé láti aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú 15 sí aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 15, kí àwọn èèyàn má bàa sá kúrò ní pápá. Ó dára. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n náà ló tún ń gbé eré ńláńlá kúrò ní aago mẹ́ta ọ̀hún, tó ń sún un sí ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú tàbí òru Ọjọ́ Ajé, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tó kẹ́yìn ti ń múra àtilọ.

Láyé àtijọ́, ìwé pélébé ni tíkẹ́ẹ̀tì sáà. Wọ́n á ya ewé kan níbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, èèyàn á sì fi ìyókù pa mọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Báyìí, inú fóònù ló wà, ohun tó bá sì ti wà nínú fóònù, ayé gbọ́dọ̀ rí i. Kí báńkì tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé owó ti lọ, fọ́tò ti wà lórí WhatsApp: "Ìdílé wa. Ẹ̀jẹ̀ wa." Àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọn kì í lọ sí pápá rárá. Wọ́n ra àga, àga dá wà. Ìyẹn kò sì dí ìròyìn lọ́wọ́, torí iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà ni àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń kà bí iye èèyàn tó wá. Ẹ ó gbọ́ pé pápá kún fọ́fọ́, ẹ ó sì máa rí àwọ̀ àga lójú tẹlifíṣọ̀n bí eyín tó ti yọ.

Àwọn ẹgbẹ́ náà ti mọ èdè yìí sọ. Ọ̀rẹ́ mi fi ímeèlì tí wọ́n kọ sí i hàn mí. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ará ilé wa ọ̀wọ́n". Ìpínrọ̀ kejì dúpẹ́ fún sùúrù rẹ̀ ní sáà tó kọjá, sáà tí wọ́n ṣe ipò kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìpínrọ̀ kẹta ráhùn pé gbogbo nǹkan ti wọ́n. Iye owó tuntun wà lábẹ́ pátápátá, ó rọra ba síbẹ̀ bí olè tó gbọ́ ìró ajá. Onílé mi nìkan ló tún máa ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí mi, ṣùgbọ́n òun kò pè mí ní ará ilé rí.

Ní ọdún 2024, àwọn ẹgbẹ́ mélòó kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún náà, ní àárín sáà, Manchester United sọ pé pọ́n-ùn 66 ni ọmọ ẹgbẹ́ máa fi ra tíkẹ́ẹ̀tì eré kọ̀ọ̀kan tó ṣẹ́ kù, kò sí ti ọmọdé, kò sí ti arúgbó. Ẹ wo baba tó ti ń wá láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé e lé èjìká. Ọjọ́ orí ti sọ ọ́ di ọmọdé padà. Owó kọ̀, kò bá a padà.

Ẹ má rò pé àwọn èèyàn kì í bínú. Wọ́n máa ń bínú, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe nígbà míì. Nígbà tí Liverpool ní tíkẹ́ẹ̀tì kan máa di pọ́n-ùn 77, àwọn èèyàn dìde ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlọ́gọ́rin eré wọn pẹ̀lú Sunderland, ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2016, wọ́n bá tiwọn lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Góòlù méjì sí òdo ni Liverpool fi ń na Sunderland nígbà náà. Ẹsẹ̀ àwọn olùfẹ̀hónúhàn kò tíì tutù níta tí Sunderland fi dá méjèèjì padà, wọ́n gbá ọ̀mì. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹgbẹ́ náà tọrọ àforíjì, wọ́n yí owó náà padà. Lójú tèmi, àwọn tó jáde yẹn nìkan ni owó wọn tíì pé rí nínú ìtàn bọ́ọ̀lù: wọ́n rí gólì wọn, wọn kò rí ìyà, wọ́n tún borí owó.

Ẹnì kan á ní, ṣebí ohun ìní ni, èèyàn lè tà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1994, ọ̀ràn ìjọba ni kí o ta tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù láìgba àṣẹ. Irú ohun ìní wo nìyẹn, tí o kò lè tà, tí o kò lè gbé lọ sílé, tí o tún gbọ́dọ̀ máa rà lọ́dọọdún? Ní Barcelona ni wọ́n ti rọ́gbọ́n dá sí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Eintracht Frankfurt láti Jámánì wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù ní Camp Nou, nǹkan bí 30,000 ará Jámánì ló sì wà nínú pápá náà. Àga àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì sáà ni àwọn kan nínú wọn jókòó sí. Onílé ti ta ilé fún àlejò. Frankfurt na Barcelona ní 3 sí 2. Mo gbà pé inú bí àwọn onílé náà, ṣùgbọ́n mo tún gbà pé ọjọ́ yẹn nìkan ni tíkẹ́ẹ̀tì sáà mú èrè wọlé.

Ti Amẹ́ríkà ló wá ré kọjá, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù alọ́wọ́ tiwọn. Láti ọdún 1993 tí Carolina Panthers ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ kan ti ń ta ẹ̀tọ́ láti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì o. Èèyàn á kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó gbà á láyè kó wá sanwó. Ní Green Bay, tíkẹ́ẹ̀tì sáà ti tán láti ọdún 1960. Orúkọ tó wà nílẹ̀ tó ń dúró ju 100,000 lọ, àwọn òbí sì ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sí i. Irú ìlà báyìí gan-an ni ìwọ̀ tó há ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu. Bí mo bá ní kó fi í sílẹ̀, á ní, "Ẹ̀yìn ìlà ni màá lọ." Ó dà bí ẹni tó gun igi tí kò léso, tí kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ torí pé èrò tó fẹ́ gùn ún pọ̀ nísàlẹ̀.

Èmi náà ti jókòó sórí igi náà rí. Ara ọ̀rẹ́ mi kò yá lọ́jọ́ kan, ó fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí fóònù mi. Òtútù mú, batiri ku 3, mo fi fóònù sí abíyá lórí ìlà bí ẹni tó ń sàba ẹyin títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà. Mo rí àga náà: etí rẹ̀ ọ̀tún ti sán. Baba kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wò mí, ó wo àga, ó ní, "Ẹni tó ni ín ńkọ́?"

Mo ní ara rẹ̀ kò yá.

"Ṣé lórí eré ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni?"

"Rárá, sà. Ibà ni."

Ó mi orí bíi dókítà tí wọ́n ń fi àìsàn gan-an pa mọ́ fún.

Eré bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà 6 wa fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ dáadáa, mo pàtẹ́wọ́. Èèyàn mẹ́ta yíjú padà wò mí bí ẹni tó só ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, mo rí i pé iṣẹ́ ìráhùn ni wọ́n wá ṣe, oníkálukú ló sì ní ìpín tirẹ̀. Baba yìí ló ni àwọn tó ni ẹgbẹ́. Obìnrin tó wà níwájú ló ni rẹfirí. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ló ni owó tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó ń bu ìpín ẹnìkejì jẹ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ sinmi, nọ́ńbà 6 ṣi bọ́ọ̀lù gbá. Gbogbo ìlà dákẹ́, wọ́n kọjú sí mi. Àga mi ló kàn. Mo wú ikọ́, mo ní, "Háà! Kí nìyí?"

Baba fi ọwọ́ lé mi léjìká. "Ẹni tó ni ín máa ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ," ó ní.

A fi gólì mẹ́ta sí òdo borí lọ́jọ́ náà. Ẹ wá wo ojú àwọn èèyàn bí a ti ń jáde, ó fà ro bí ojú ẹni tí wọ́n jí lápò. Wọ́n ti sanwó ìráhùn sílẹ̀, ẹgbẹ́ kò fún wọn ní nǹkan tí wọ́n máa fi ráhùn. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Lọ́dún yìí, ọ̀rẹ́ mi búra pé òun ti ṣe tán. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, ó sọ fún mi, ó sọ fún ẹni tó ń gé irun rẹ̀. Ní alẹ́ tí àyè àtisanwó máa parí, fóònù mi dún nígbà tí aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Àyà mi já; mo rò pé ẹnì kan ló kú. Ó ní kí n yá òun ní owó díẹ̀, ó kù díẹ̀ kí ti òun pé.

Mo ní, "Ṣebí o ní o ti ṣe tán?"

"Mo ti ṣe tán," ó ní. "Àmọ́ bí mi ò bá sí níbẹ̀, ta ni á bá mi bú nọ́ńbà 6?"

Mo fi owó náà ránṣẹ́. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, fọ́tò ti jáde lórí WhatsApp.