Páálí mílíìkì méjì tó sọnù sínú CV

Àbúrò mi kan fi CV rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní kí n bá òun wò ó kí òun tó máa fi wáṣẹ́ kiri. Ojú ewé márùn-ún! Ọjọ́ ìbí, ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀sìn, pé kò tíì lọ́kọ, títí dórí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lọ. Níbi ohun tó fẹ́ràn láti máa ṣe, ó kọ ìwé kíkà àti ìrìn àjò. Ọmọ tó jẹ́ pé kí ọkọ̀ tó kọjá Ògèrè ló ti ń wá ọ̀rá tó máa bì sí.

Ní ojú ewé kẹrin ni mo ti rí ìlà kan ṣoṣo: "Sales girl, 2021–2023." Mo pè é.

"Kí lo ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an?"

"Àǹtí, ọjà ni mo ń tà."

Mo tún un bi. Ìgbà yẹn ló tó sọ pé ní alaalẹ́ Sátidé, òun lòun máa ń ka ọjà tó kù, tí òun á kọ ọ́ sínú ìwé. Ibẹ̀ lòun ti rí i pé páálí mílíìkì mẹ́wàá ni ẹni tó ń kó ọjà wá ń já sílẹ̀, méjìlá ló ń kọ sí rìsíìtì. Ọ̀gá rẹ̀ ò mọ̀ títí ó fi fi ìwé náà hàn án. Ó wá bi mí pé, "Àǹtí, ṣé irú ìyẹn náà máa ń wọ CV?"

Haba! Kí ló tún kù tó ń wọ̀ ọ́?

Lójú tèmi, CV kì í gbani síṣẹ́. Iṣẹ́ tá a rán an ò ju kí wọ́n pè ọ́ wá jókòó, kí ẹnu rẹ wá sọ ìyókù. Àrokò ni. Owó ẹyọ mẹ́fà péré ni àwọn baba wa máa ń so ránṣẹ́, ẹni tó gbà á ti mọ̀ pé ọkàn ẹni tó rán an ń fà sóun. Wọn kì í di gbogbo ẹrù ilé mọ́ ọn.

Mo mọ ibi tí àṣà kíkó ìjọba ìbílẹ̀ àti gbogbo ẹ̀ sínú CV ti wá o. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa ń béèrè ìpínlẹ̀ tí èèyàn ti wá, nítorí ọ̀rọ̀ federal character, ìyẹn pé kí iṣẹ́ ìjọba kárí gbogbo ìpínlẹ̀, tó wà nínú ìwé òfin 1999. Ṣùgbọ́n kí ni ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń wá ẹni tó máa ṣọ́ ọjà nínú ilé ìkẹ́rùsí fẹ́ fi ìjọba ìbílẹ̀ rẹ ṣe? Ìwé agùnbánirọ̀ nìkan ni mo ní kó fi sílẹ̀, torí wọ́n á béèrè ẹ̀.

Ó ti tún un kọ báyìí, ojú ewé kan àti díẹ̀. Ọ̀rọ̀ páálí mílíìkì ló ṣáájú. Ìrìn àjò ṣì wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó ní òun ò yọ ọ́.