Ta ló yẹ kó wọ ìbọ̀wọ́ lọ sí Ọsirélíà, Smith àbí Foakes?

Àkàndé Kennington:
Lóṣù kẹsàn-án 2025 yìí, wọ́n ti ka orúkọ àwọn 16 tí England ń kó lọ sí Ọsirélíà nítorí Ashes (Eérú), ìdíje kírikẹ́ẹ̀tì láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Test márùn-ún ni, eré ọlọ́jọ́ márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá 2025 ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ní Perth. Stokes ni kápúténì. Brook ni igbákejì, wọ́n ti gba ipò yẹn lọ́wọ́ Pope. Mo ka orúkọ náà, mo wọ gíláàsì, mo tún un kà. Kípà gidi kan ṣoṣo (ẹni tó ń wọ ìbọ̀wọ́ ṣọ́ igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹni tó ń gbá bátì) ló wà níbẹ̀, Jamie Smith. Ben Foakes ò sí.

Ohun tó ń ká mi lára nìyí. Ọmọ Surrey, ẹgbẹ́ káúntì wa, làwọn méjèèjì. Ẹ̀yìn The Oval, pápá Surrey, ni mò ń gbé, mo máa ń lọ jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ tí èèyàn ò pọ̀, ìṣojú mi ni: Foakes ló ń ṣọ́ igi fún Surrey. Smith ń gbá bátì, ó sì ń dúró sínú pápá bíi tàwọn yòókù. Àmọ́ nígbà tí England fẹ́ mú kípà tuntun ní 2024, wọ́n yọ Foakes, wọ́n yọ Jonny Bairstow tóun náà jẹ́ kípà, wọ́n wá kó ìbọ̀wọ́ fún ẹni tí ilé rẹ̀ kì í kó o fún. Ṣé a kì í wo ilé mọ́ ká tó sọmọ lórúkọ ni?

Ìyá Dúró, Leeds:
Bàbá Àkàndé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ ti gbàgbé 184 ni? Edgbaston, oṣù keje ọdún yìí. Siraj ti Íńdíà yọ Root, bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e ló fi yọ Stokes. Èèyàn márùn-ún ti jáde, rọ́ọ̀nù 84 péré ló wà lójú pátákó. Smith wọlé bá Brook wa (mo ní Brook WA, ọmọ Yorkshire ni), àwọn méjèèjì kó 303 jọ. Wọn ò rí Smith yọ títí gbogbo àwọn tó kù fi tán lẹ́yìn rẹ̀. 184! Kò sí kípà England kankan tó gbá iye yẹn rí nínú Test. 173 tó wà lórúkọ Alec Stewart, ọmọ Surrey yín náà, ló bò mọ́lẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ ní kó bọ́ ìbọ̀wọ́?

Àkàndé Kennington:
Ẹ parí ìtàn náà, Ìyá Dúró. 336 rọ́ọ̀nù ni Íńdíà fi nà wá ní Edgbaston yẹn.

Bọ̀dé Salford:
Hà, Bàbá! Ṣé Smith ló ju bọ́ọ̀lù tí Gill fi gbá 269, tó tún padà wá gbá 161? Ẹ má di ẹrù ẹlẹ́rù lé ọmọ ọlọ́mọ lórí.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ayé kípà tí ọwọ́ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá lọ. Gilchrist ló bà á jẹ́ fún wọn. Nígbà tó gba ipò lọ́wọ́ Ian Healy ní 1999, Healy ló ń mú iwájú gbogbo kípà ayé nínú Test, 395 èèyàn ló ti bá wọn yọ. Gilchrist dé, ó gbá ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún kó tó fẹ̀yìn tì. Látọjọ́ náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè ti ń wá Gilchrist tiwọn kiri.

Ọmọ TBS:
Ẹ̀gbọ́n Bọ̀dé, Gilchrist tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, kípà ni ní Western Australia kó tó di ti Ọsirélíà. Ilé mọ̀ ọ́n kí ìta tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ Bàbá ò tíì wó.

Èmi náà ti ṣọ́ igi rí nígbà tí mo wà nílé ìwé, pápá TBS níbí l'Ékòó la ti máa ń wá gbá a. Ẹni tí kò bá ṣe é rí máa rò pé kéèyàn ṣáà gbá bọ́ọ̀lù mú ni. Bí ẹni tó ń fi agbára jù ú bá ń bọ̀, o máa dúró sẹ́yìn jìnnà, wàá rí bọ́ọ̀lù náà bó ṣe ń bọ̀. Àmọ́ bí spínà (ẹni tó ń fi ìka yí bọ́ọ̀lù) bá gbà á, o gbọ́dọ̀ wá lóṣòó sẹ́yìn igi gan-an, imú rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bẹ́ìlì, igi kékeré tó wà lórí igi mẹ́ta náà. Ẹni tó mú bátì á wá bò ọ́ lójú. Bọ́ọ̀lù á balẹ̀, á yí, á sọnù sẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, o ò ní rí i mọ́. Ibi tó bá yẹ kó yọ sí ni wàá gbé ọwọ́ sí. Ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ dìde ṣáájú bọ́ọ̀lù. Tó bá tètè dìde, abẹ́ ìbọ̀wọ́ ló ń gbà lọ. Tó bá sì pẹ́, orí ìka ló ń bà. Ìka kékeré ọwọ́ òsì mi ò tíì nà dáadáa títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ẹ lọ wo Foakes lẹ́yìn spínà. Ẹ ò ní gbọ́ ariwo kankan. Bọ́ọ̀lù á wọlé, bẹ́ìlì á jábọ́, ó tán.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Eérú kí ni gbogbo èyí? Mo kàn rí i pé àwọn àgbà ń jà ni mo yà síbí.

Ìyá Dúró, Leeds:
Àdùkẹ́ ọmọ mi, ní 1882 ni Ọsirélíà wá na England ní The Oval, lójúlé Bàbá Àkàndé. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ bí ẹni kéde òkú, pé kírikẹ́ẹ̀tì England ti kú, wọ́n á sun ún, wọ́n á sì gbé eérú rẹ̀ lọ sí Ọsirélíà. Ẹ̀fẹ̀ ni o. Ìkòkò tí wọ́n wá fi ẹ̀fẹ̀ yẹn ṣe ò ga ju sẹ̀ǹtímítà 11 lọ, Lord's ló sì ń gbé, ẹni tó bá jẹ gan-an kì í gbé e lọ sílé. Òun ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ń fọ́ ara wọn léegun láti ọdún náà wá.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn:
Ẹ ṣé, mà. Ẹ máa jà lọ.

Àkàndé Kennington:
Ọmọ TBS, o ṣeun, o gba ẹnu mi sọ ọ́. Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń fi Foakes ṣeré. Ní 2018, Bairstow lọ fi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ṣe ọrùn ẹsẹ̀ ara rẹ̀ léṣe ní Sri Lanka. Wọ́n sáré mú Foakes. Test àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ní Galle, ó gbá 107, òun náà ni wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn ẹni tó ta yọ nínú ìdíje náà látòkè délẹ̀. Kó tó di oṣù kẹta ọdún 2019 wọ́n ti yọ ọ́. Ó padà dé, ó gbá 113 láìjáde fún wọn ní Old Trafford ní 2022, wọ́n bá Gúúsù Áfíríkà ṣe é. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Ashes dé, wọ́n tún yọ ọ́ nítorí Bairstow. Kí wá ló ṣẹlẹ̀ ní Edgbaston? Èyí tó yẹ kí Bairstow mú, kò mú un. Èyí tó yẹ kó fi fọ́ igi, kò fọ́ ọ. Wíkẹ́ẹ̀tì méjì péré (àwọn tí a ò tíì yọ) ló kù sí Ọsirélíà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n jẹ wá.

Ìyá Dúró, Leeds:
Mo mọ̀ pé ẹ máa débẹ̀! Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ní 2022 níbi tó ti yọ̀ lórí pápá gọ́ọ̀fù, tó tiro padà wá. Ẹni tó gbá 106, tó tún gbá 114 láìjáde, tí England fi lé 378 bá ní Edgbaston kan náà ní 2022. Ẹni tó dúró sí 99 ní Old Trafford ní 2023 tí kò rí ẹni bá a dúró fún ẹyọ kan ṣoṣo tó kù. Ẹ fi Jonny sílẹ̀.

Bọ̀dé Salford:
Àǹtí mi, mo wà ní Old Trafford lọ́jọ́ yẹn. Òjò tó tẹ̀ lé e ló jí Ashes gbé, kì í ṣe kípà.

Ẹ jẹ́ kí n fèsì ọ̀rọ̀ Ọmọ TBS, torí òun nìkan ló sọ nǹkan tó ní eegun nínú. Àlàyé spínà yẹn dùn, mo gbádùn ẹ̀. Àmọ́ níbo la ń lọ? Ọsirélíà ni. Ilẹ̀ Perth máa ń ta bọ́ọ̀lù sókè bíi tàyà ni. Archer, Wood, Tongue, Carse, Atkinson ló máa jù ú lọ́pọ̀ ìgbà. Ibi tí kípà máa dúró sí máa jìnnà sí igi débi pé ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi tẹlifóònù bá wọn sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àrà tí Foakes ń ṣe lẹ́yìn spínà, ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n máa lò ó láàárín Test márùn-ún? Rọ́ọ̀nù Smith ni tiwọn, ojoojúmọ́ ni wọ́n máa nílò ìyẹn.

Ọmọ TBS:
Alex Carey, kípà Ọsirélíà, ò sún mọ́ igi lọ́jọ́ tó rí i tí Bairstow ń ṣe fáàrí jáde nílé (kọjá ìlà tó yẹ kó dúró sí) ní Lord's ní 2023, tó sì yọ ọ́. Ó jìnnà dáadáa. Ojú ló fi ṣiṣẹ́, ọwọ́ kàn jù ú ni.

Ìyá Dúró, Leeds:
Ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ ọjọ́ yẹn níwájú mi. Mo kìlọ̀.

Bọ̀dé Salford:
😂😂 Ọgbẹ́ ò tíì jinná.

Ẹ tún gbọ́ èyí, Bàbá. Òfin yín pé ẹni tí ilé ò bá lò, kí ìta má lò ó. Shoaib Bashir, spínà England, ńkọ́? Jack Leach ni Somerset, káúntì rẹ̀, ń lò, Bashir ń jókòó. Wọ́n tiẹ̀ fi ṣe ọmọ àyálò lọ sí Worcestershire ní 2024. England ò wo ìyẹn, wọ́n rí i pé ó ga, pé ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lókè réré ni, wọ́n mú un lọ sí Íńdíà. (Físà rẹ̀ ò tètè jáde, Test àkọ́kọ́ kọjá lórí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Surrey o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tò níwájú ẹ́ńbásì rí mọ bó ṣe ń ṣeni.) Lóṣù keje 2024, ó kó èèyàn márùn-ún fún rọ́ọ̀nù 41 ní Trent Bridge.

Àkàndé Kennington:
Bọ̀dé, o dé ibi tí mo fẹ́ kó o dé. Oṣù kan ṣáájú Trent Bridge yẹn, Bashir wá sí The Oval pẹ̀lú Worcestershire. Dan Lawrence ti Surrey gba ófà kan (bọ́ọ̀lù mẹ́fà) lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ó fò kọjá bọ́ńdírì. Èkejì náà fò. Bàbá òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé sáńwíìṣì rẹ̀ sílẹ̀. Márùn-ún ló fò bẹ́ẹ̀, 38 ló bá ófà kan ṣoṣo lọ. Àánú ọmọ náà ṣe mí.

Bọ̀dé Salford:
Àánú yín ò ṣe é mọ́ nígbà tó dé Lord's lọ́dún yìí, àbí? Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ti kán níbi tó ti fẹ́ fi ọwọ́ dá bọ́ọ̀lù Jadeja dúró. Íńdíà ku rọ́ọ̀nù díẹ̀. Stokes gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Siraj fi àárín bátì gbà á, ó gbà á dáadáa, ìmọ̀ wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù balẹ̀, ó yí padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó rọra lọ forí kan igi. Bẹ́ìlì kan ṣoṣo jábọ́. England fi 22 jẹ. Ẹni tí Somerset ò lò nìyẹn.

Àkàndé Kennington:
Oríire nìyẹn. Mo gbà pé ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n oríire ni. Ẹ ò lè fi oríire kọ orúkọ 16.

Ọmọ TBS:
Bàbá, ibi tí mo ti wá yà kúrò lẹ́yìn yín díẹ̀ nìyí. Lóṣù kìíní ọdún yìí, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ò tíì pé 20 ọdún na New Zealand nínú ìdíje àgbáyé ní Malaysia, rọ́ọ̀nù 2 ni wọ́n fi jù wọ́n. Tó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ ilé nìkan lèèyàn ń wò, ta ni ì bá fi owó ẹ̀ ta á fún wọn? Nígbà mìíràn ẹni tó ń yàn ní láti rí ohun tí kò tíì sí níwèé.

Kì í ṣe Smith tí wọ́n mú ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ẹlòmíì. Tí Smith bá fi ìka gba bọ́ọ̀lù láàárọ̀ ọjọ́ Test, Pope ló máa wọ ìbọ̀wọ́. Ní New Zealand lọ́dún tó kọjá, wọ́n bímọ fún Smith, ó dúró nílé. Jordan Cox tó fẹ́ rọ́pò rẹ̀ fọ́ àtàǹpàkò níbi ìdánrawò. Pope ni wọ́n sáré kó ìbọ̀wọ́ fún, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ipò 3 lọ sí 6 nínú ètò àwọn tó ń gbá bátì. Wọ́n ti rí i rí, wọn ò sì kọ́gbọ́n.

Ìyá Dúró, Leeds:
Pope gbá 77 ní Christchurch nínú ipò 6 yẹn. England ló sì jẹ ìdíje náà, 2 sí 1. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n kọ́?

Bọ̀dé Salford:
Ìgbà yẹn náà ni Bethell rí ipò 3 gbà, tó gbá 96 ní Wellington. Ẹ máa wò ó, kí wọ́n tó dé Sydney, òun ló máa wà níbẹ̀.

Ìyá Dúró, Leeds:
Bethell tí kò tíì gbá ọgọ́rùn-ún kan nínú eré ọlọ́jọ́ púpọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i? Tí wọ́n mú wá sí The Oval lóṣù kẹjọ, tí kò dé 10 nínú ìníngì kankan?

Àkàndé Kennington:
Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn eré náà. Mo rí Woakes tó fi aṣọ gbé apá kan kọ́ sínú súwẹ́tà, tó fi ọwọ́ kan mú bátì jáde. Gbogbo wa dìde. Rọ́ọ̀nù 6 tí Íńdíà fi jù wá ló pa wá. Ẹ má jẹ́ kí n rántí.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí, ó sì rọrùn. Kí Smith máa gbá bátì, kí Foakes wọ ìbọ̀wọ́. Bí Surrey ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọ́n sì gba ife káúntì lọ́dún 2022, 2023 àti 2024 tẹ̀léra tẹ̀léra. Kò pa wọ́n. England ò jẹ Test kan ní Ọsirélíà láti oṣù kìíní 2011 títí di oṣù kẹsàn-án 2025 yìí, kí ni wọ́n ń ṣọ́ra fún?

Bọ̀dé Salford:
Ó dáa. Ta lẹ máa yọ kí Foakes lè ráyè? Mọ́kànlá ni wọ́n, Bàbá. Ẹ dárúkọ.

Ìyá Dúró, Leeds:
Tó bá jẹ́ Brook, màá wá sí Kennington láàárọ̀ ọ̀la.

Ọmọ TBS:
Ẹ dárúkọ Pope, Bàbá. Ọmọ Surrey yín ni, a fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Àkàndé Kennington:
Crawley.

Bọ̀dé Salford:
Crawley tó gbá 189 lójú mi ní Old Trafford sí Ọsirélíà kan náà ní 2023? Òun lẹ fẹ́ yọ? Ta ló máa wá bá Duckett ṣí eré, Foakes?

Àkàndé Kennington:
Ìyàwó ti gbé àmàlà kalẹ̀, ẹ jẹ́ n tètè bá a kó tó tutù. Mò ń padà bọ̀.

Ọmọ TBS:
A ń dúró, Bàbá.