Ẹ Dá Ọjọ́ fún Líìgì Bọ́ọ̀lù Alájùsáwọ̀n Wa

Láàárín àwọn ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù, àwọn kan wà tí oorun kì í kùn mọ́ nígbà tí sáà NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti Amẹ́ríkà, bá wọlé dé. Ààjìn òru ni ọ̀pọ̀ nínú eré náà máa ń bọ́ sí níbí, orí fóònù ni wọ́n sì ti ń wò ó lábẹ́ aṣọ ìbora. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ibi tí sáà kan yóò yọrí sí, wọn yóò dá yín lóhùn láìṣiyèméjì. Wọ́n mọ̀ pé Oklahoma City Thunder ló gba ife-ẹ̀yẹ ọdún 2025 lẹ́yìn tí wọ́n wọ̀yá ìjà pẹ̀lú Indiana Pacers títí dé eré keje. Wọ́n mọ̀ pé iṣan gìgísẹ̀ Tyrese Haliburton já nínú eré keje yẹn gan-an, wọ́n sì ti ṣírò ohun tí ìyẹn máa gbà lọ́wọ́ Indiana kí wọ́n tó tún gbá bọ́ọ̀lù kan. Wọn kì í ṣe awo, wọn kò sì difá. Ètò ló wà níwájú wọn: ikọ̀ 30, eré 82 fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti oṣù Kẹwàá di oṣù Kẹrin, tí wọ́n sì máa ń tẹ̀ jáde láti oṣù Kẹjọ.

Ẹ wá bi àwọn ọmọ kan náà nípa líìgì Nàìjíríà. Wọ́n mọ orúkọ àwọn ikọ̀ wa; wọn yóò ka Rivers Hoopers, Kwara Falcons, Gombe Bulls, Customs, Hoops & Read àti Lagos Legends fún yín. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń di kẹ́kẹ́ ni ìgbà tí ẹ bá bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni eré máa bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń béèrè kò ju ìyẹn lọ: kí NBBF, àjọ tó ń darí eré náà ní Nàìjíríà, dá ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí sáà, kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde fáyé rí ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí ó má sì yẹ̀ ẹ́, kó tó ní kí ẹnikẹ́ni mú kọ́bọ̀ wá.

Bí nǹkan ṣe wà yìí, ẹni tó bá ní kí a sọ bí sáà tó ń bọ̀ yóò ṣe rí, ohun kan ṣoṣo la lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ikọ̀ tí owó oṣù rẹ̀ kò dúró de líìgì ni yóò lékè, ì báà jẹ́ òun ló mọ̀ ọ́n gbá jù tàbí kì í ṣe òun. Agbábọ́ọ̀lù tó wà lábẹ́ Customs tàbí iléeṣẹ́ ọmọ ogun mọ ibi tí oúnjẹ òun ti ń wá, yálà eré wà tàbí kò sí. Kwara Falcons ní ìjọba ìpínlẹ̀ lẹ́yìn. Bí líìgì bá bẹ̀rẹ̀ lọ́la, Rivers Hoopers ni a máa fi síwájú gbogbo wọn, nítorí pé ikọ̀ tó gba ipò kẹta nínú Basketball Africa League, ìdíje àwọn ikọ̀ Áfíríkà, ní 2024 kì í ṣe ikọ̀ yẹpẹrẹ, ọwọ́ Ogoh Odaudu, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó kó wọn lọ, sì ti pẹ́ lára wọn. Àwọn ikọ̀ aládàáni ni àyà wa ń já fún. Ẹni tó ń fi owó àpò ara rẹ̀ bọ́ agbábọ́ọ̀lù méjìlá fún oṣù mẹ́fà láìgbá eré kan yóò rẹ̀wẹ̀sì lọ́jọ́ kan. Nígbà tí wọ́n bá sì kéde lójijì pé eré ti dé, àyànfẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ti bá ẹlòmíràn lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbá líìgì náà tún dá kún un. Wọ́n pín àwọn ikọ̀ sí ìsọ̀rí méjì, Atlantic àti Savannah, wọ́n ń kó wọn jọ sí ìlú kan, wọ́n ń fi ọjọ́ mélòó kan gbá eré tó yẹ kó gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, mẹ́jọ nínú wọn a sì lọ sí ìpele àṣekágbá. Ikọ̀ Ìbàdàn lè gbá sáà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ará Ìbàdàn má fojú kàn án. Ta ni yóò wá ra tíkẹ́ẹ̀tì? Ta ni yóò fún ọmọ rẹ̀ ní aṣọ ikọ̀ tí kò rí rí?

A ti rí ohun tí àìlétò ń mú báni. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ìdìbò méjì ni wọ́n dì sí ipò ààrẹ àjọ kan ṣoṣo, ọ̀kan ní Benin, èkejì ní Abuja. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ yọ Nàìjíríà kúrò nínú gbogbo ìdíje àgbáyé eré náà fún ọdún méjì. Kò pé oṣù méjì tí ìjọba fi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́: FIBA, àjọ tó ń darí eré náà lágbàáyé, ti fi Mali rọ́pò àwọn ọmọbìnrin wa nínú Ife Àgbáyé tó wáyé ní Sydney. Ọdún 2022 kan náà ni Basketball Africa League wáyé láìsí ikọ̀ kankan láti Nàìjíríà. Àwọn ọmọbìnrin yìí kan náà, D'Tigress, ni wọ́n ti gba AfroBasket, ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún léraléra láti 2017 títí di 2025, àwọn náà ló sì kọ́kọ́ gbé orúkọ Áfíríkà dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ ní Olympics, ní Paris, ní 2024, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Rena Wakama. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu fi owó tó tó $100,000 ta ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́rẹ ní 2025, inú wa dùn, nítorí ẹni tó ṣe é la fún. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́ eré náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń jẹun. Èwo ni líìgì tí ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú-Igbó tó bá wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n yóò wọ̀?

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, àgbà oníṣòwò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó ń gbèrò àtidá ikọ̀ kan sílẹ̀ ní orúkọ ìlú, ránṣẹ́ pe ọ̀kan nínú àwọn akọ̀ròyìn wa. Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fi rúlà fa ìlà sí i: owó oṣù agbábọ́ọ̀lù, ilé tí wọn yóò gbé, bàtà, epo ọkọ̀. Àyè kan ṣófo lókè.

"Ọmọ mi, bá mi kọ ọjọ́ tí eré máa bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ yẹn."

"Wọn ò tíì dá ọjọ́, Bàbá."

"Kọ oṣù, ó tó."

Kò rí oṣù kọ. Bàbá náà wò ó títí, ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní, "Ó dáa, jẹ́ kí owó yìí ṣì máa bá mi ṣiṣẹ́ lọ́jà ná."

Kò sẹ́ni tó lè pe bàbá yìí ní ahun. Ìjẹ̀bú ń náwó sí ohun tó bá lórí tó ní ìdí, Ojúde Ọba sì ni ẹ̀rí. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni. Bí ọjọ́ rẹ̀ tilẹ̀ wà lọ́wọ́ oṣù ojú ọ̀run, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n ni àwọn ẹgbẹ́ Régberégbe fi ń yan aṣọ sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́, tí télọ̀ fi ń gba iṣẹ́ títí iṣẹ́ fi ń kún un lọ́wọ́, tí àwọn ìdílé balógun ń tọ́jú ẹṣin, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá sì ń du ẹni tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́. Líìgì tí oṣù ojú ọ̀run kò tilẹ̀ dí lọ́wọ́, kí ló dé tí kò lè ní ọjọ́?

Àwọn kan yóò sọ pé àìsí onígbọ̀wọ́ ni kò jẹ́ kí àjọ náà lè dá ọjọ́. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí owó bá kéré, kí sáà náà kéré: kí ikọ̀ dín kù, kí wọ́n máa gbá a ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan, kí àwọn tí ilé wọn súnmọ́ra máa lọ bá ara wọn nílé, kí èyí tí wọ́n bá sì kéde ṣẹ. Ẹ wo Ìkẹ́nnẹ́. Nígbà tí Remo Stars gba líìgì bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2025, owó Kúnlé Ṣónámè tó ni ikọ̀ náà àti sùúrù rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ribiribi níbẹ̀, nítorí ikọ̀ náà ti já sí ìpele ìsàlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n líìgì tí wọ́n gbá ní eré 38, nílé àti lóko, ará Rẹ́mọ sì mọ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ wa ní wàhálà tirẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá náwó sí i mọ ohun tí òun ń náwó lé lórí.

A kò ní dá ìjọba Ògùn sí náà. Ìpínlẹ̀ yìí gba àlejò Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà iléèwé girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ń fi ọwọ̀ gbá yanrìn kúrò lórí kọnkéré ní òwúrọ̀ Sátidé kí wọ́n tó lè ṣeré. Àwọ̀n kò sí mọ́, irin rẹ̀ sì ti tẹ̀ sí apá kan. Àwọn ọmọ ti kọ́ ọ mọ́ra: apá òsì ni wọ́n ti ń jù ú, wọ́n á jẹ́ kó kọ́kọ́ kan pákó. Èyí tó ga jù nínú wọn ju mẹ́wàá lójú wa, mẹ́jọ wọlé. Nígbà tí wọ́n mú un lọ síbi ìdánwò ní Èkó, níbi tí irin ti dúró gbọnrangandan, mẹ́ta péré ló wọlé, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Hakeem Olajuwon ti di ọ̀dọ́ ní Èkó kí ó tó mọ bọ́ọ̀lù yìí dì mú, òun ló sì gba ife NBA ní 1994 àti 1995 pẹ̀lú Houston Rockets. Ọmọ tó bá ní ẹ̀bùn kò pẹ́ jù láti kọ́, bí ohun tó fi ń kọ́ kò bá wọ́. Kí ìjọba fún Ìjẹ̀bú ní pápá alájùsáwọ̀n kan tó ní òrùlé àti iná, kí ó fún Rẹ́mọ ní ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò máa lò ó.

Ti NBBF ni kó kọ́kọ́ yá. Ọjọ́ tí àjọ náà bá fi ètò sáà tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí wa, ojú ìwé tí a fi ń tẹ ti Amẹ́ríkà la máa tẹ̀ ẹ́ sí, láìgba owó ìpolówó, a ó sì mú ẹ̀dà kan lọ fún bàbá tó pa ìwé rẹ̀ dé.