Ìṣẹ́jú 45 láti Àkúrẹ́ sí Èkó: ẹ tún un ṣírò

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ìṣẹ́jú 45 tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù Àkúrẹ́ sí Èkó kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò bàálù ni wọ́n ń kà, kì í ṣe tiyín.

Bí ẹyẹ bá fò láti pápákọ̀ òfurufú tó wà l'Ọ́ba-Ilé dé Ìkẹjà, bíi kìlómítà 230 ni. Ti ojú títì, ẹ bá gba Iléṣà, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, lé ní 300. Bàálù tó ń sáré kìlómítà 750 ní wákàtí kan ì bá jẹ 230 yẹn tán ní bíi ìṣẹ́jú 18. Kí ló wá sọ ọ́ di 45? Bàálù ò ráyè sáré ni. Tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti òkè tó tó ẹsẹ̀ bàtà 20,000, awakọ̀ máa ń ya bíi máìlì orí omi (ìyẹn máìlì tí wọ́n ń lò lófurufú) 3 sọ́tọ̀ fún ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kọ̀ọ̀kan. Máìlì 60 nìyẹn, kìlómítà 111, ó kù díẹ̀ kó tó ìdajì ọ̀nà! Gígun òkè sì ti jẹ nínú èyí tó kù. Tó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10,000, eré rẹ̀ kì í sábà ju kìlómítà 463 ní wákàtí lọ. Ẹ fi rírìn orí ilẹ̀ kún un, torí pé àtìgbà tí bàálù bá ti kúrò níbi tó dúró sí ni aago tíkẹ́ẹ̀tì ti ń ká. Abájọ tí wọn kì í tíì pín omi tán tí wọ́n á fi ní kí ẹ so bẹ́líìtì.

Ó yá, ká kà á láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ẹnu ilẹ̀kùn. Alágbàka nínú Àkúrẹ́ sí Ọba-Ilé, ìṣẹ́jú 20. Ẹ gbọ́dọ̀ ti dé ní ìṣẹ́jú 90 ṣáájú. Bàálù, 45. Dídúró de ẹrù, 30. Tó bá jẹ́ Ìkẹjà níbẹ̀ lẹ ń lọ, ẹ fi 20 sí i: wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ò pé. Ẹ fò lọ, ó bá a mu. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Lẹ́kì, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ lè gba wákàtí 2, gbogbo rẹ̀ á lé díẹ̀ ní wákàtí 5. Mọ́tò tó kúrò ní gáréèjì ní aago mẹ́fà àárọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i tí ọ̀nà bá dán, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan kan lára ti bàálù.

Àbújá ló yẹ kéèyàn fò lọ gan-an: kìlómítà 290 lófurufú, ó lé ní 400 lórí títì. Àmọ́ ẹ wò ó bóyá tààrà ni. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wọ òmíràn l'Ékòó, ẹ̀yìn lẹ kọ́kọ́ ń lọ: 230 sí Èkó, bíi 510 padà sókè.

Ẹ má gbàgbé ọyẹ́. Tí kùrukùru bá bo ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ láàárọ̀, bàálù á dúró, ìdádúró yẹn ló sì ń bá a kiri títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ kékeré wa kì í gba bàálù tí oòrùn bá ti wọ̀, torí náà èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n máa ń fagi lé. Ẹni tó bá ní ìpàdé aago 11 l'Ékòó ní oṣù Ṣẹẹrẹ, kó ti lọ sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.